Obìnrin Nídìí Iṣẹ́ Owó: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Àjọ̀dún Ọdún Kẹwàá

Ẹgbẹ́ ní kí àwa mẹ́rin tí a ń jẹun nídìí iṣẹ́ owó nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yìí bá àwọn àbúrò wa obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ báńkì àti ilé ẹ̀yáwó sọ̀rọ̀. Méjì nínú wa ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì lé ẹnì kẹrin. A ó sọ ìdí tí wọ́n fi lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́.

Iṣẹ́ owó kì í ṣe àjèjì sí obìnrin ilẹ̀ wa. Alájọ tó ń gba owó ọjọ́ kan péré nínú oṣù fún làálàá rẹ̀ mọ ẹni tó ń san déédéé àti ẹni tó ń sá fún un lọ́jà. Nínú ọ́fíìsì náà, obìnrin ti dé òkè. Olóyè Olútóyìn Ọlákúnrì ti ṣe ààrẹ ICAN, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Fúnkẹ́ Òṣíbódù ni wọ́n gbé Union Bank lé lọ́wọ́ ní 2009 nígbà tí nǹkan dojú rú. Ní 2015 Ìbùkún Awóṣìkà di alága First Bank. Ní 2012 àwọn báńkì jọ fẹnu kò pé tó bá máa fi di 2014, kí obìnrin jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọ̀gá, kí wọ́n sì jẹ́ ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìgbìmọ̀ olùdarí. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ipò ọ̀gá kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fún yín. Tágẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fún yín: ẹ lọ wá owó wá.

Ẹ wá a, kò burú. Ẹ má kàn jẹ́ kó jẹ́ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn tì nínú wa wà níbẹ̀ ní 2005, nígbà tí báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní bílíọ̀nù 25 náírà, tí báńkì 89 sì di 25. Ó rí i pé àwọn tó mọ bí a ṣe ń yẹ ẹ̀yáwó wò ni wọ́n kọ́kọ́ rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó kàn ń gbé owó wá, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bá ọ̀nà tiwọn lọ kó tó dé ẹnu ọ̀nà báńkì kejì.

Kí ni yíyẹ ẹ̀yáwó wò? Onígẹdú kan wá bá ọ̀kan nínú wa, ó ní sọ́mìlì òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ìwé rẹ̀ pé, ó sì mọ máníjà. Arábìnrin wa wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ láìsọ fún un. Ìyẹ̀fun igi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ti dì, koríko ti hù láàrin gẹdú, ọmọ tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì ní ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n la igi gbẹ̀yìn. Ó kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí i, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ó ní òun kò fọwọ́ sí i. Máníjà ní ẹ̀rù owó ńlá ló ń ba obìnrin. Wọ́n yá ọkùnrin náà lówó, kò san án. Nígbà tí àwọn ọ́dítọ̀ dé, ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì, ó sì wà nínú ímeèlì ọ́fíìsì. (Ẹ má kó ìwé oníbàárà lọ sílé o. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn nìyẹn.)

Ẹnì kẹrin wa ńkọ́? Oníṣòwò ẹja kan ní Ògùn Waterside ló fẹ́ yá owó ra ọkọ̀ ojú omi. Oyún oṣù méje wà nínú arábìnrin wa, ọ̀nà omi ló sì gba ibẹ̀. Máníjà ní kó kàn fọwọ́ sí i pé òun ti lọ wò ó. Ó fọwọ́ sí i. Kì í ṣe pé ó fẹ́ jalè. Ohun tó sọ fún wa ni pé ẹ̀rù bà á kí wọ́n má sọ pé àwọn aláboyún kò lè ṣiṣẹ́ ẹ̀yáwó. Nígbà tí owó náà bàjẹ́, wọ́n ti gbé máníjà lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Ọwọ́ tirẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún kan nígbà tí wọ́n lé e.

Nítorí náà ni a ṣe ní kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "N kò tíì lọ, ẹ rán ẹlòmíràn." Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Òfin iṣẹ́ fún aláboyún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fún ìyá ọlọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ẹ tún wo lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ yín: ṣé báńkì ló gbà yín ni, àbí ilé iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì? Ta ló ń san ìdá mẹ́wàá owó ìfẹ̀yìntì tó yẹ kí agbanisíṣẹ́ fi kún ìdá mẹ́jọ tiyín? Ẹ wò ó nísinsìnyí tí ara ṣì le.

Ohun kan ṣì kù tó dùn mọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ìyá wa kò ní ìwé ilẹ̀. Orúkọ ọkọ tàbí ti ẹbí ló wà lórí ilé. Wọ́n ní ẹ̀rọ ata, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ayùn ìlagi, ọjà inú ìsọ̀. Láti 2017 ni òfin ti jẹ́ kí a lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dógò, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ tí Báńkì Àpapọ̀ ń mójú tó. Níbẹ̀ náà ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti fi ẹ́ńjìnnì yẹn dógò níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí a bá pàdé kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ mọ̀ ọ́n lò, ẹ ó sì rí oníbàárà tí àwọn ẹlòmíràn ń kọjá lára wọn lójoojúmọ́.

Ní Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìpàdé, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò dúró. Ẹni tí lẹ́tà iṣẹ́ rẹ̀ kò bá yé, tàbí tí wọ́n ní kó fọwọ́ sí ohun tí kò rí, kó wá bá wa. Arábìnrin wa kẹrin ló ní òun ni yóò kọ́kọ́ ka ìwé kọ̀ọ̀kan.