Ìmọ́lẹ̀, Àwọ̀ àti Ẹni tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Fọ́tò Yíyà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà ló gbà pé bí ojú ènìyàn ṣe ń rí àwọ̀ ni kámẹ́rà náà ṣe ń rí i, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nínú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí èyí. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn pátákó kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kò mọ̀ ju bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó lọ. Kò mọ pupa, kò mọ àwọ̀ ewé. Bryce Bayer, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ló hùmọ̀ ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lò títí dòní, tí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1976: asẹ́ aláwọ̀ tíntìntín ni a fi bo sẹ́ńsọ̀ náà, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí ìdámẹ́rin jẹ́ pupa, tí ìdámẹ́rin tó kù sì jẹ́ búlúù, kí kámẹ́rà tó wá fi ìṣirò dí àlàfo tó kù. Ìṣirò ló bí àwọ̀ inú fọ́tò.

Nítorí náà, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kánjú da àwọ̀ nù. Bí ó bá to kámẹ́rà sí dúdú àti funfun, tí ó sì tọ́jú fọ́tò náà bíi JPEG, èyí tí í ṣe fáìlì tí kámẹ́rà ti sè jinná, àwọ̀ ti lọ pátápátá nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ RAW ló lò, ìyẹn fáìlì tó tọ́jú gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà, ojú kámẹ́rà á máa fi dúdú àti funfun hàn án, àwọ̀ á sì wà nínú fáìlì di ìgbà tí ó bá nílò rẹ̀.

Aṣọ òkè ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí jù. Nínú ìṣirò tó wọ́pọ̀ láti sọ àwọ̀ di eérú, àwọ̀ ewé ló ń kó bí 59 nínú 100, pupa ń kó 30, búlúù sì ń kó 11 péré. Bí obìnrin kan bá ró àlàárì, ìyẹn aṣọ òkè pupa, tí ó sì wé gèlè àwọ̀ ewé tó ṣú, aṣọ méjì tí ojú yà sọ́tọ̀ láti òkèèrè lè di eérú kan náà, débi pé ibi tí gèlè bá ti kan aṣọ, kò ní sí ààlà mọ́. Ẹ̀tù kò ní irú ìṣòro yìí, nítorí pé fọ́nrán funfun tó là á já kò lè ṣàì hàn lára aró tó ṣú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá tọ́jú àwọ̀ lè gbé pupa sókè lórí kọ̀ǹpútà, kí àlàárì mọ́lẹ̀, kí gèlè sì dúró lọ́tọ̀. Láyé fíìmù, gíláàsì aláwọ̀ tí a fi sójú kámẹ́rà ṣáájú ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Síbẹ̀, àìsí àwọ̀ máa ń ṣàǹfààní nígbà mìíràn. Ayàfọ́tò J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí ya irun dídì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní ọdún 1968, ní dúdú àti funfun. Nínú àwọn fọ́tò Onílé Gogoro rẹ̀, bí irun ṣe yọ gogoro ni ojú kọ́kọ́ ń bá. Ó sì ṣeé ṣe kí búláùsì aláràbarà ti gba ojú mọ́ irun náà lọ́wọ́, ká ní ó láwọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ya ata rodo lọ́jà láìsí àwọ̀ ti pàdánù ìròyìn tó wà níbẹ̀, nítorí pé èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n lè jọra.

Àṣà kan wà tó yẹ kí a bá wí, èyíinì ni kí a máa sọ fọ́tò tó bàjẹ́ di dúdú àti funfun kí ó lè dà bí iṣẹ́ ọnà. Ó wúlò lóòótọ́ nínú gbọ̀ngán tí iná funfun àti gílóòbù pípọ́n ti ń bá ara wọn jà lójú àlejò. Ṣùgbọ́n òjìji tí oòrùn ọ̀sán gangan fi sábẹ́ ojú ènìyàn, níṣe ló tún máa ń hàn sí i.