Kí Ni A Ó Fi Wọn Ilé-Ẹ̀kọ́ Àwọn Ọmọ Wa?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ jókòó ti àwọn òbí yín, ẹ sún mọ́ ibi tí ẹ ó ti gbọ́ mi dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí.

Ní ọjọ́ kan, ìyá kan ní àdúgbò wa wá bá mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́ mú un lọ sí girama kékeré ti ìjọba, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní JSS. Méjì ló wà nítòsí wa: ọ̀kan wà ní orí òkè, èkejì wà ní ìsàlẹ̀, lọ́nà odò. Ìyá yìí ní, "Bàbá, gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ti orí òkè ló dára jù, pé àwọn ọmọ wọn kì í kùnà nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé akólòlò lọmọ mi. Ó mọ ìṣirò púpọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, kì í lè la ẹnu mọ́. Èwo ni kí n mú un lọ?"

Mo dá a lóhùn pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí a lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ná. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà ni mo fẹ́ pín pẹ̀lú yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìdánwò, nítorí òun ni gbogbo wa máa ń bèèrè. Bí wọ́n bá ní ọmọ 95 nínú 100 ló yege ní ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí 84 nínú 100 sì yege ní èkejì, gbogbo wa ni yóò sáré lọ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò ṣe é kó yé wa. Àpẹẹrẹ lásán ni, n kò dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan gba ọmọ 100 sí kíláàsì kìn-ín-ní. Nígbà tó di ọdún kẹta, ọmọ 60 péré ló jókòó ṣe ìdánwò, 57 sì yege. Ọmọ 95 nínú 100 nìyẹn lóòótọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ kejì gba ọmọ 100 bákan náà. Ọmọ 95 ló ṣe ìdánwò ní ọdún kẹta, 80 sì yege. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 84 nínú 100. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí àwọn òbí fà lé wọn lọ́wọ́, ti àkọ́kọ́ mú 57 gúnlẹ̀, èkejì mú 80. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ mọ ìṣirò, èwo nínú wọn ló ṣiṣẹ́ jù?

Àwọn 40 tí a kò rí mọ́ ńkọ́? Bí ọmọ bá gba ìwé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, kò sọnù. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ lójú títì láti ta omi ní wákàtí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà níwájú pátákó, ó ti sọnù, kò sì sí èsì ìdánwò tí yóò ka orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán. Òfin wà nídìí rẹ̀. Ní January 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀fẹ́ náà kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò rí àyè wọ girama ló lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà fún ọdún mẹ́ta, àwọn òbí wọn sì ń sanwó. Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tí a pín girama sí méjì, ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Nígbà tó di 2004, òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fi ọdún mẹ́ta ti girama kékeré kún ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọ̀fẹ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, dandan sì ni fún ọmọ gbogbo. Nítorí náà, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ń jò dànù nínú rẹ̀ bí omi inú ajere kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, bó ti wù kí èsì rẹ̀ dùn ún gbọ́ tó.

Ohun kejì ni ibi tí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ti mọ̀wé dáadáa kó tó wọlé, a kò lè fi gbogbo ìyìn rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó dé láì lè ka ìlà mẹ́ta, tó wá jáde tó ń ka ìwé ìròyìn fún bàbá rẹ̀, ẹ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ kú iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní.

Ó di ọjọ́ Ọjọ́rú, a lọ, èmi, ìyá náà àti ọmọ rẹ̀. Ní orí òkè, àyíká mọ́ tónítóní. Èsì ìdánwò wà lára ògiri ọ́fíìsì. Mo wo ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo rí i pé àwọn olùkọ́ ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń tọ́ àṣìṣe sọ́nà. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jáde eré, àwọn kékeré ló ń ru omi fún àwọn àgbà, bí ẹrú. Ọmọ wa fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ọmọ kan, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ kan wà nítòsí. Kò wí nǹkan kan.

Ní ìsàlẹ̀, òrùlé ń jò ní igun kan. Ọmọ mẹ́rin ló jókòó lórí àga ọlọ́mọ méjì. Olùkọ́ ìṣirò kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo kíláàsì. N kò fi èyí pa mọ́ fún ìyá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bèèrè iye ọmọ tó ti lọ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣí ìwé orúkọ. Níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fagi lé, wọ́n kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀: òbí kó lọ sí ìlú mìíràn, ó gba ìwé. Níwájú ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ pé: a ti dé ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a ó tún lọ.

Bí a ti ń jáde bọ̀, ọmọbìnrin kan láti kíláàsì kẹta béèrè orúkọ ọmọ wa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Àwọn méjì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yìí wò wọ́n, ẹnu wọn sì pa mọ́. Ó dúró títí ọ̀rọ̀ fi jáde. Ó ní, "O káre. Wá, kí n fi ibi tí a ti ń pọnmi hàn ọ́."

Lójú ọ̀nà, ìyá rẹ̀ bi í léèrè èyí tó fẹ́. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: ti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ló sì lọ. Ìyá rẹ̀ wọ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́; òun àti àwọn òbí yòókù ti kọ̀wé sí ìjọba nítorí òrùlé àti nítorí olùkọ́ ìṣirò. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tiwa ni. Bí a bá yàn án, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ nìkan. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ wo ilé-ẹ̀kọ́, ẹ béèrè iye ọmọ tó wọlé àti iye tó parí. Ẹ ṣí ìwé iṣẹ́ wọn wò. Ẹ wo ṣáláńgá wọn, pàápàá ti àwọn ọmọbìnrin. Ẹ dúró di àkókò eré, kí ẹ wo bí ọmọ tó lágbára ti ń ṣe sí ọmọ tí kò lágbára.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rò pé àwọn olùkọ́ nìkan ló ń sọ ilé-ẹ̀kọ́ di rere. Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo òun. Lọ́la, bí ọ̀rọ̀ bá há ẹnìkejì yín lọ́fun, ẹ dúró dè é.