Ilẹ̀ Tí A Ń Dà Nù: Ọ̀rọ̀ lórí Ike àti Ekòló, ní Mọ́níyà

 Mo júbà Olódùmarè, mo júbà Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀. 

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Bí Yorùbá bá gbá inú ilé tán, wọn a ní kí ọmọdé lọ da ilẹ̀ nù. Pàǹtí tí a kó jọ ni à ń pè ní ilẹ̀. Lójú tèmi, orúkọ náà kò ṣèèṣì: èèpo iṣu, ewé ẹ̀kọ, eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni, kì í sì í pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi ń di ilẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyí tí ààtàn fi ń lọ́ràá, tí àgbẹ̀ fi ń ru erùpẹ̀ rẹ̀ lọ sí oko ẹ̀fọ́.

Lónìí, ẹ wo ààtàn wa: ọ̀rá dúdú, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìgò ike. Ìwọ̀nyí kì í jẹrà bí ewé. Oòrùn a mú wọn gbó, ọkọ́ àti ẹsẹ̀ a fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, títí wọn yóò fi kéré ju mìlímítà 5 lọ. Òmíràn wà tí ojú lásán kò lè rí. Èérún ike ni mo ń pè wọ́n. A ń pè wọ́n ní ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò di ilẹ̀.

Ta ni ó kọ́kọ́ ń fara gbá a? Ekòló ni. Kò lójú, kò léyín. Erùpẹ̀ àti ewé jíjẹrà ni ó ń gbé mì, ihò tí ó ń gbẹ́ sì ni afẹ́fẹ́ àti omi òjò ń gbà dé ìdí ọ̀gbìn. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Wageningen, ní Netherlands, po lẹ́búlẹ́bú ike mọ́ ewé tí ekòló ń jẹ. Láàárín 60 ọjọ́, níbi tí ike ti tó ìdá 28 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ekòló tí ó kú pọ̀ sí i, èyí tí ó kù kò sì dàgbà bí ó ti yẹ.

Ìwọ̀n yẹn pọ̀. N kò sọ pé oko wa ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní 2017, Esperanza Huerta Lwanga àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yìnkùlé àwọn ará Campeche, ní Mexico, níbi tí wọ́n ti ń sun ike, tí wọ́n sì ń rì í mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ní ìpíndọ́gba, nínú gíráàmù erùpẹ̀ kan, èérún ike kò pé 1. Nínú ti ìgbẹ́ ekòló, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15. Nínú ti ìgbẹ́ adìẹ, ó tó 130.

Adìẹ! Ẹ̀yin awo, ẹyẹ tí ó tan ilẹ̀ ní Ifẹ̀ ni. Òun kan náà ni a ń fi bọ Ilẹ̀. Bí ohun tí à ń rì mọ́lẹ̀ bá lè gba inú ekòló dé inú adìẹ, ó lè dé inú ẹbọ wa, kí ó sì dé inú ọbẹ̀ wa.

Nítorí náà, ilé wa ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ẹbọ ní oríta nínú ọ̀rá dúdú. Èmi náà ti gbé e bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo padà kọjá níbẹ̀, ẹbọ ti lọ, ọ̀rá kò lọ, ojú sì tì mí. A kò lè máa pe Ilẹ̀ ní ẹlẹ́rìí ìmùlẹ̀ wa, kí a tún máa fi ohun tí kò lè jẹ bọ́ ọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a padà sí ewé, igbá àti ìkòkò amọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọ̀rá wá sí ojúbọ, kí ó gbé e padà lọ. Kí a ṣa ike kúrò kí a tó da ilẹ̀ sí ààtàn. Kí a má sun ún, kí a má rì í; kí a kó ìgò ike fún àwọn tí ń rà á.

Àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu fún un. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rá dí ẹnu náà.

Ire o. Àṣẹ.