Àwa Obìnrin Òṣìṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Nǹkan Oṣù

Àwa obìnrin ẹ̀ka yìí ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ. Àwọn ọ̀gá kan a máa wí pé ọpọlọ obìnrin kì í dúró sójú kan, pé bó bá ń ṣe nǹkan oṣù, kò yẹ kí á fi ẹ̀rọ tàbí ìwé owó lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Òótọ́ ni pé ọpọlọ ń yí padà. Èròjà méjì ló ń darí oṣù obìnrin: ẹ́sítírójìn, tí í pọ̀ sí i kí ẹyin tó jáde, àti pùròjẹ́sítírónì, tí í pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí oyún kò bá dúró, méjèèjì a wálẹ̀, nǹkan oṣù a sì dé. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé wọn káàkiri, títí dé inú ọpọlọ.

Ní ọdún 1990, Catherine Woolley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, ní New York, yẹ ọpọlọ abo eku wò. Ọjọ́ 4 sí 5 ni ìyípo ti eku. Wọ́n rí i pé, ní apá tí ọpọlọ fi ń kọ́ nǹkan tó sì fi ń rántí, àwọn ẹ̀hù wẹ́wẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gba ìròyìn lọ́wọ́ ara wọn a máa pọ̀ sí i, wọn a sì tún dín kù, láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ obìnrin 27 ní ìgbà 6 láàárín ìyípo oṣù. Wọ́n rí i pé àwọn ibì kan ní apá ọpọlọ yìí ń yí padà bí èròjà méjèèjì ti ń lọ sókè sódò.

Ṣùgbọ́n yíyí padà kì í ṣe bíbàjẹ́. Àgbẹ̀ tó tún ebè kọ kò ba oko jẹ́. Ní 1914 ni Leta Hollingworth, ará Amẹ́ríkà, ti tẹ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ó fún àwọn obìnrin ní ìdánwò ọwọ́ àti ti ọpọlọ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Kò rí i pé ọjọ́ nǹkan oṣù dín iṣẹ́ wọn kù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. Inú rírun wà, àárẹ̀ sì wà. Inú ló ń run wá, orí wa kò dàrú. Ìdí nìyẹn tí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Japan ti 1947 fi fún obìnrin tí ara ń ni ní àyè láti sinmi. Ilẹ̀ Zambia náà fún obìnrin ní ọjọ́ 1 lóṣù.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn, àyè ìsinmi fún ẹni tí inú ń run, àti pé kí á má fi nǹkan oṣù du obìnrin kankan ní iṣẹ́ tàbí ìgbéga. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá wa gbé e síwájú agbanisíṣẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa pẹ́ títí o.