Ta Ló Yí Àṣẹ Fáìlì Wa Padà?

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí n sọ kò gùn, àmọ́ ó kan gbogbo wa, torí pé inú kọ̀ǹpútà ni ìwé orúkọ ẹgbẹ́, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ àti fọ́tò ayé àtijọ́ wà báyìí.

Lánàá, akọ̀wé ṣí fáìlì, ó kọ nǹkan sí i. Lónìí, kọ̀ǹpútà ní kò láṣẹ. Ẹlòmíì á ní ayé ló ń ṣe òun, ẹlòmíì á ní fáírọ́ọ̀sì ni. Fáírọ́ọ̀sì lè ṣe é lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àwa fúnra wa la gbé fáìlì kúrò níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìwé ṣe àpẹẹrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní kíláàsì A bọ́ sí B, yúnifọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn rẹ̀ náà ni yóò máa wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ ilé ìwé mìíràn, tibẹ̀ ni yóò rán. Bẹ́ẹ̀ ni Windows ń ṣe láti 1993, nígbà tí Windows NT gbé ètò NTFS dé. Bí ẹ bá gbé fáìlì láti fódà kan sí òmíràn lórí dísìkì kan náà, àṣẹ àtijọ́ ló sábà máa ń bá a lọ. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀, tàbí tí ẹ gbé e lọ sórí dísìkì mìíràn, àṣẹ fódà tó bá níbẹ̀ ni yóò gbà.

Fláàṣì ńkọ́? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, FAT32 tàbí exFAT ni wọ́n ń lò, wọn kì í kọ irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ rárá. Fáìlì tó bá gba orí fláàṣì lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ó ti bọ́ yúnifọ́ọ̀mù sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún gbọ́ o: kọ̀ǹpútà kò fi orúkọ mọ̀ wá, nọ́ńbà ló fi ń mọ̀ wá, bíi nọ́ńbà inú rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá tún Windows fi sí i, orúkọ yín lè má yí padà, nọ́ńbà yín ti yí padà. Fáìlì àtijọ́ á máa wá ẹni àná.

Kí ni ṣíṣe? Ẹ wo Properties, kí ẹ wo Security, ẹ ó rí ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà náà lè gba fáìlì ọ̀hún, kó sì fún ẹni tó yẹ láṣẹ. Kó má ṣe ṣí i sílẹ̀ fún tajá-tẹran. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí tì í, ọ̀gá kò lè ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́ náà.

Nítorí náà, ohun ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ nọ́ńbà ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí ó kéré tán ẹni méjì ní àṣẹ, kí ẹ̀dà kan sì wà níbòmíràn. Akọ̀wé tó ń gbé iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹni tó ń gbà á ṣí gbogbo fáìlì lójú rẹ̀ kí wọ́n tó bọ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa kan ti lọ, inú fáìlì wọ̀nyí ni orúkọ àti àwòrán wọn kù sí. Ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀kùn tì mọ́ wọn.