ÀGBÀ TÍ A KÒ RÍ LỌ́JÀ MỌ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣù

  

Ìyálọ́jà ní kí a sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tọ́jú àwọn àgbà nílé. A mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti máa sọ nínú ara rẹ̀ pé ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ní ìlà ẹlẹ́gùúsí ló jẹ́ kí a tún un rò. A kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mọ láàárín wa.

Ìyá yìí ti tajà níbí ju ogójì ọdún lọ. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kó wá sinmi. Ọmọ dáadáa ni wọ́n, a ò lè parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n tún ilé ṣe, wọ́n lẹ táìlì sílẹ̀ títí dé balùwẹ̀, wọ́n ra tẹlifíṣàn ńlá, wọ́n gba ọmọdébìnrin kan tí yóò máa dáná fún un. Gbogbo wa ń sọ pé ìyá yìí ti jèrè ọmọ. A bá a yọ̀, a sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá dìde lóru láti lọ tọ̀. Kò sí iná, ilẹ̀ balùwẹ̀ sì tutù. Ó yọ̀. Egungun ìbàdí rẹ̀ dá. Ọmọdébìnrin yẹn ń sùn ní yàrá kejì, kò gbọ́. Ibẹ̀ ni ìyá wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àwa tó gbọ́ lọ́jà níbí. Ọjọ́ kẹsàn-án! Ká ní ó jẹ wá ní gbèsè ni, ọjọ́ kejì la ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un tán kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sọ fún wa pé màmá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń fún un lóúnjẹ. A kí i títí, ó kàn ń mi orí. Ọ̀kan nínú wa wá ń ráhùn pé ẹ̀gúsí ti wọ́n. Ìyá yíjú padà, ó ní, "Èló ni kóńgò?" A sọ fún un. Ó ní, "Ta ló ń rà á báyẹn? Ẹ ní sùúrù kí ti Òkè Ọya wọlé." Ni ọmọ rẹ̀ bá bú sẹ́kún. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ kí ìyá òun sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ẹ wò ó, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa òní wà. Gbogbo wa là ń pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Àgbà tí kò wá sọ́jà mọ́ ńkọ́, ta ló ń wo orí tirẹ̀? A mú un kúrò láàárín èrò, a mú un kúrò nídìí ọjà tó fi tọ́ ọmọ, a fi í síwájú tẹlifíṣàn, a ní ìsinmi ni. Ẹni tó ti ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí láti ìgbà ọmọge rẹ̀ kò wá mọ ohun tí yóò fọwọ́ ṣe mọ́. Ẹsẹ̀ tí kì í rìn, agbára rẹ̀ á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ dìde lójijì lóru ni yóò tó mọ̀. Ní tiwa, a gbà pé ìjókòó lásán yẹn wà lára ohun tó gbé ìyá yìí ṣubú, kì í ṣe omi ilẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ mú ọ̀rọ̀ ìṣubú yẹn tán. Ẹ pe jórinjórin kó gé irin kan tó gùn tó apá, kí birikilà rì í mọ́ ògiri níbi tí ìyá ti ń wẹ̀ àti níbi tó ti ń yàgbẹ́, kó lè máa dì í mú. Owó ẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí kan. Kó máa jókòó wẹ̀ lórí àpótí. Kí tọ́ọ̀ṣì wà níbi tọ́wọ́ rẹ̀ máa tó lórí bẹ́ẹ̀dì. Rọ́ọ̀gì kékeré tí a tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ ká a kúrò, ẹsẹ̀ ló ń kọ́. Sílípáàsì tó ti jẹ tán, ẹ sọ ọ́ nù, bó tilẹ̀ ń bínú. Bó bá fẹ́ dìde, kó kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kó ka ení, èjì títí dé ogún kó tó nàró, torí òòyì máa ń kọ́ àgbà, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí kò bá lè dé balùwẹ̀, ẹ ra póò fún un. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ìyá kan wà tí kì í fẹ́ mu omi rárá nítorí kí wọ́n má baà dìde lóru. Jàǹbá nìyẹn náà. Kí wọ́n mu omi dáadáa láti àárọ̀ wá, kí wọ́n wá dín in kù bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ó ku ọ̀rọ̀ oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ẹni tí wọ́n bá wọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, tí ti òkè jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ tó 90, kó rí dókítà. Kó má sì dá oògùn dúró nítorí pé ara ti yá. Oògùn yẹn ló jẹ́ kó yá. A mọ ìyá kan tó ń lo oògùn kan náà ní ìlọ́po méjì, torí ọ̀sìbítù méjì kọ ọ́ fún un ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, gbogbo oògùn tó wà nílé, ti kẹ́míìsì, àgbo inú ìgò, èyí tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rá kan, kí ẹ kó o lọ han dókítà. Oògùn ara ríro pàápàá: àgbà tó bá ń gbé e mì lójoojúmọ́, ó lè dá egbò sí i nínú, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ìyá tí kò mọ̀wé, ẹ ya oòrùn sára páálí oògùn àárọ̀, kí ẹ ya òṣùpá sára ti alẹ́. Àwa tí a ka ìwé mẹ́fà, a ń yà á sára tiwa.

Bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu, ọ̀sìbítù ńlá ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Èkó. Ẹ má sì gbàgbé pé láti 2012 ni UCH nílùú Ìbàdàn wa yìí ti ní ibi ìtọ́jú tó jẹ́ ti àwọn àgbà, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ẹni ọgọ́ta ọdún sókè ló wà fún. Ó já sí pé àwa akọ̀wé náà ti tó lọ.

A fẹ́ sọ èyí jẹ́jẹ́. Àwọn ìyá kan ń gbàgbé nǹkan. Wọ́n á ní àwọn ò tíì jẹun, wọ́n á jáde, wọn ò ní mọ̀nà ilé mọ́, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ tí kò lórí. Àwọn kan á sì sáré sọ pé àjẹ́ ló ń ka. A ti gbọ́ ọ lọ́jà yìí, ojú sì tì wá. Àìsàn ọpọlọ ni. Láti 1992 ni àwọn dókítà UCH àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà ti jọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣèwádìí rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìdíkàn lè rántí, torí àdúgbò yín ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé. Wọ́n rí i pé àìsàn náà wà láàárín àwọn àgbà wa, bí kò tilẹ̀ pọ̀ tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ṣé gbogbo ẹni tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́hùn-ún, àjẹ́ náà ni?

Ó ku àwa tí ìyá wà lọ́wọ́ wa tí a tún gbọ́dọ̀ wá sọ́jà. A mọ̀ pé àwọn kan ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá láti ìta kí wọ́n tó jáde. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Ẹ fún aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́ kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé ìyá síta, kó máa rí ẹni tó ń kọjá, kí wọ́n máa kí i, kó máa dáhùn.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ní 2018, wọ́n ní kí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ó dára. Àbújá kò sì ní wá tan iná sí balùwẹ̀ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ohun tí a ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ìyá ẹlẹ́gùúsí wa ń fi ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rìn báyìí. Láti bí oṣù mẹ́ta, ìlà wọn ń gbé ẹ̀gúsí lọ fún un pé kó máa bó o, wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un, kì í ṣe owó àánú. Ó ń dá èésú padà. Ó tilẹ̀ dá kóńgò méjì padà lọ́jọ́sí, ó ní ẹ̀gúsí burúkú ni, kí ẹni tó rà á lọ bá ẹni tó tà á fún un. Ọmọ rẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ ti ń dùn jù. A fẹ́ kí àwọn ìlà yòókù ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ẹlẹ́wà, ẹ̀wà ń bẹ tí ẹ fẹ́ ṣà. Ìlà eléwé, ewé ń bẹ tí ẹ fẹ́ dì. Ìlà aláṣọ, àwọn ìyá yín mọ ojúlówó àdìrẹ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ gbé e lọ bá wọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹni méjì yóò máa jáde láti ìlà kọ̀ọ̀kan lọ kí àwọn ìyá tiwọn, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Kí wọ́n má kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà o. Kí wọ́n wọlé, kí wọ́n wo balùwẹ̀, kí wọ́n bi í bóyá oògùn ń bẹ nílẹ̀, kí wọ́n sọ iye tí ọjà ń lọ fún un.

Ìwé wà lórí tábìlì níwájú Ìyálọ́jà, bírò wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyá kan tí a kò rí lọ́jà láti ọdún Iléyá tó kọjá, kó wá sọ orúkọ rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀ kí a tó túká. Àwa la ó kọ ọ́. Ìlà aláta ni yóò kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí.