Ẹ jẹ́ kí á máa bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀



A máa ń sọ pé: «Ọmọ ọwọ́ kò mọ nǹkan.» Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí a tó bí i ni ó ti ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù 6, á máa ṣe «ba-ba-ba». Ẹ dá a lóhùn! Ní nǹkan bí ọdún 1, á pe ọ̀rọ̀ kan.

Ẹ máa pa àlọ́ fún un. Bí ẹ bá ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, ẹ fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Á mọ̀ pé ìwé ń sọ̀rọ̀.

Ẹ má bẹ̀rù pé èdè wa yóò dí Faransé lọ́wọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.